Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin onígbọ̀ngàn ayẹyẹ n'Ìbàdàn: ẹ jẹ́ ká gbé ọtí wa wọlé

Ẹ̀yin ọ̀gá mi tó ni họ́ọ̀lù, àti ẹ̀yin máníjà tó ń bá wọn mójú tó o, láti Jẹ́ríkọ̀ dé Akóbọ̀, láti Chálẹ́ńjì dé Ọ̀jọ́ọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà oníbàárà. Ìlù kò ní dákẹ́ nínú họ́ọ̀lù yín o. Ọ̀rọ̀ ọtí ìgbéyàwó ni mo bá dé ọ̀dọ̀ yín, n ó sì sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀. Owó kọ́kéèjì tí ẹ ń gbà lórí kéréètì àti páálí kọ̀ọ̀kan tí ẹbí bá gbé wọ họ́ọ̀lù yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ ò bá lè fi í sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ di iye kan ṣoṣo, ẹ pò ó mọ́ owó họ́ọ̀lù, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ fún wa kí a tó san kọ́bọ̀. Àwọn tó tún ní a kò gbọdọ̀ gbé ọtí wọlé rárá, àfi èyí tí a bá rà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀, àwọn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí dé ìparí.

Èmi kì í ṣe ọ̀dọ́mọdé tó ń ṣètò ìgbéyàwó ara rẹ̀. Èmi ni wọ́n máa ń kó kọ́kọ́rọ́ yàrá ọtí fún nínú ẹbí wa. Ẹ ti rí irú mi: obìnrin tó wọ aṣọ ẹbí bíi tàwọn yòókù ṣùgbọ́n tí kò ráyè jókòó, tó ki bírò bọ abẹ́ gèlè, tó fi ìwé kékeré há abíyá, tó ń sọ fún àwọn ọmọ pé kò sí mọ́ọ̀tì mọ́ nígbà tí páálí mẹ́ta ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti tọ́jú ọtí rí mọ ìdí rẹ̀. Bí a kò bá fi díẹ̀ pamọ́, nígbà tí àwọn àna bá fẹ́ máa lọ, kí la ó fi sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀?

Ó jọ pé lójú yín, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ra ọtí ìnáwó: bàbá ìyàwó tàbí ọkọ ìyàwó yọ owó, wọ́n já ọtí sílẹ̀, ó parí. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ àwọn olówó. Ní ilé tiwa, àti ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀ n'Ìbàdàn, ìpàdé ẹbí ni ọtí ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti mú ọjọ́, a kì í béèrè pé èló ni ọtí máa jẹ́. Ohun tí a ń béèrè ni pé, ta ló máa gbé kí ni? Bàbá kékeré á ní òun gba mọ́ọ̀tì páálí márùn-ún. Àǹtí tó ń gbé Mọ́níyà, tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu géètì rẹ̀, á ní òun gba omi. Ọkọ ọmọ tó ti fẹ́ tiwa lọ lọ́jọ́ tó ti pẹ́ á ní kí wọ́n fi mínírà sílẹ̀ fún òun, torí kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ńṣe lòun kàn ń wá jẹun nílé àna. Ẹ̀gbọ́n ọkọ tí gbogbo wa mọ̀ pé kì í jókòó síbi tí kò bá ti sí bíà, òun náà ló máa gba bíà, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun fi owó ẹbí mutí. Ẹni tó bá sì pe ẹgbẹ́ tirẹ̀ wá, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ ọjà, ẹgbẹ́ àdúgbò tàbí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, òun ló ń gbàlejò wọn.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọ̀pọ̀ nínú ọtí tí ẹ ń rí lórí tábìlì, kì í ṣe ìyá ìyàwó ló rà á.

Ibẹ̀ gan-an ni ìfowópamọ́ wa wà. Kò sí ẹ̀dínwó tí ọlọ́jà kan lè ṣe fún wa tó tó o. Ẹni tí kò lè ka N20,000 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè gba páálí omi mẹ́ta láwìn lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀, kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Àǹtí Mọ́níyà ń ra omi ní iye tí wọ́n ń tà á fún alátúntà, kì í ṣe iye tí èmi àtẹ̀yin ń rà á lẹ́nu ọ̀nà. Ó sì ń dùn mọ́ wọn nínú. Bí ìgò omi bá ti dé orí tábìlì, ẹ óò gbọ́ tí ẹnì kan máa sọ pé, "Omi Àǹtí Mọ́níyà rèé o, ẹ mu ún, ó tutù." Owó tí èèyàn fi ránṣẹ́ sínú àkáǹtì kì í ní orúkọ lórí tábìlì.

Nígbà tí a ṣì ń ta àtíbàbà sójú títì, kò sí ẹni tó ń bi wá pé níbo la ti gbé ọtí wá. Yàrá ìyá ìyàwó ni ilé ìpamọ́. Kéréètì á kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, dúrọ́ọ̀mù á wà lẹ́yìnkùlé. Họ́ọ̀lù ti pẹ́ n'Ìbàdàn, Màpó ti wà lórí òkè rẹ̀ láti 1929, ṣùgbọ́n ojú títì tàbí ọgbà ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ àwọn tí mo mọ̀ ti ṣe ìgbéyàwó. Àwa fúnra wa la kó ara wa wá sọ́dọ̀ yín, nítorí òjò, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí a máa dí títì mọ́, nítorí pé àga yín dára, fáànù yín ń fẹ́. Ọtí tí a ti ń gbé kiri látijọ́ la gbé tẹ̀ lé ara wa. Òun lẹ wá fi owó lé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lẹ́nu géètì họ́ọ̀lù kan tí n kò ní dárúkọ. Ìyá kan nínú ẹbí wa, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, bọ́ sílẹ̀ nínú Máíkírà. Omi páálí mẹ́rin wà nínú búùtù, dẹ́rẹ́bà ti fi okùn so ẹnu búùtù náà nítorí pé kò lè padé. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì ní omi yẹn kò sí lára èyí tí ẹbí ti sanwó fún, kí ìyá lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá pe fóònù wa. Nínú họ́ọ̀lù, ìlù ń dún kíkankíkan, alága ń kígbe pé kí ìyàwó máa jó bọ̀, ta ló máa gbọ́ fóònù? Dẹ́rẹ́bà ń fọn fèrè pé òun fẹ́ máa lọ. Wọ́n já omi sílẹ̀ sínú oòrùn, ìyá jókòó lé e lórí pẹ̀lú gèlè àti ìpèlé. Nígbà tí mo máa fi jáde, ó ti tú owó létí ìró rẹ̀, ó ti san án. Ó sanwó lórí ẹ̀bùn tó gbé wá fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn kò rí ìyá fín o, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ rán an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí àlejò bá máa jẹ́ 300, ìwọ̀n tí èmi fi ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Omi, ìgò kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: páálí onígò 12, a ó nílò 25. Mínírà, ìgò kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: kéréètì kan gba ìgò 24, nítorí náà kéréètì 13. Mọ́ọ̀tì kì í ṣe ti gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n àwọn ìyá àtàwọn ọmọdé kì í fi í ṣeré: páálí alágolo 24, mẹ́wàá. Bíà, bí ó bá jẹ́ ilé tí wọ́n ti ń mu ún, ìdá kan nínú mẹ́ta àlejò ni mo máa ń kà sí i, ìgò méjì méjì. Kéréètì ìgò ńlá gba 12, ìgò 200 yóò sì jẹ́ kéréètì 17. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 65. Ká ní N1,000 péré lẹ ń gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, N65,000 ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan ìgò. Bí tiyín bá ju N1,000 lọ, ẹ fúnra yín ẹ bá mi sọ ọ́ di púpọ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé páálí omi, tó rọjú jù lọ lọ́jà, iye kan náà ló ń san pẹ̀lú kéréètì bíà lẹ́nu géètì yín. Ẹbí tó so yìgì láàárọ̀, tí kò ní gbé ọtí líle wọlé rárá, tó jẹ́ omi, mínírà àti mọ́ọ̀tì nìkan ló kó wá, ẹ ń gba owó ọtí lọ́wọ́ wọn lórí omi.

Ọtí fúnra rẹ̀ kò sì rọjú mọ́. Lọ́dún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba N10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2023 wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, nígbà tó di oṣù tó tẹ̀ lé e náírà ń já wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là, ọkọ̀ tó ń kó ọtí, agolo, ìgò, gbogbo rẹ̀ ló gbówó lérí. Nigerian Breweries ti ní ilé ìpọntí n'Ìbàdàn níbí láti 1982. Coca-Cola ń rọ tiwọn ní Àṣèjíire. Ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìnkùlé wa ni, síbẹ̀ owó rẹ̀ ń lé wa. Ẹ̀yin wá tún dúró sí àárín ilé ìpọntí àti ẹnu àlejò.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní jẹnẹrétọ̀ ń mu dísẹ́ẹ̀lì bí ẹni pé wọ́n ṣẹ́ ẹ lépè. Ẹ máa ní ọtí tí àwọn èèyàn gbé wá ló ń dà sílẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, pé omi yìnyín ń ṣàn wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, pé bí ìnáwó bá tán ẹ óò rí ìgò nílé ìgbọ̀nsẹ̀, lójú fèrèsé, nínú ìkòkò òdòdó. Òótọ́ ni. Èmi náà ti yọ ìgò nínú ìkòkò òdòdó rí. Ṣùgbọ́n ṣé ìgò tí a bá rà lọ́wọ́ yín kì í dà sílẹ̀ ni? Bó bá jẹ́ owó ìmọ́tótó lẹ fẹ́ gbà, ẹ pè é bẹ́ẹ̀, kí ẹ gba iye kan. Àwọn kan nínú yín ti ń gba owó ìdúró tí wọ́n máa ń dá padà bí nǹkan kan kò bá bàjẹ́. Ìyẹn dára, a kò bá wọn jà. Bí ẹ bá ní yàrá tútù, tí ẹ sì gbà kí a kó ọtí wa síbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ẹ gbowó rẹ̀, a ó san án tayọ̀tayọ̀, torí pé ẹ bá wa ṣiṣẹ́. Owó tí mo ń bá yín fà ni èyí tí ẹ ń gbà láìṣe nǹkan kan fún wa, àfi pé a gba ẹnu géètì yín kọjá.

Ti àwọn tó fi dandan lé e pé lọ́wọ́ ẹni tiwọn la ti gbọ́dọ̀ rà á tún wá yàtọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, mínírà tí à ń rà níye kan ní Bódìjà, lọ́dọ̀ wọn ó ti di iye mìíràn kí ó tó tutù. Ìkejì ni ìṣírò. Bí ìnáwó bá tán, wọ́n á mú ìwé wá pé kéréètì báyìí báyìí la mu. Òfìfo rẹ̀ dà? Wọ́n á ní àwọn ọmọ ti kó o lọ. Èmi tí mo ń kọ gbogbo ìgò tó bá jáde sínú ìwé nígbà tó bá jẹ́ ọtí tiwa, kò sí ohun tí mo lè fi já wọn, torí pé wọn kò jẹ́ kí n wọ ibi tí ọtí wà. Ìkẹta, kò sí ìdápadà. Màá padà síbẹ̀ láìpẹ́, torí pé ibẹ̀ ni owó ńlá wà.

Èmi kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa òfin kà á sí mi létí. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, FCCPA 2018, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tó máa rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹni tó ń ta nǹkan kan sọ pé àfi kí o ra òmíràn mọ́ ọn lọ́wọ́ òun tàbí lọ́wọ́ ẹni tí òun bá tọ́ka sí, àyàfi bó bá lè fi hàn pé ìrọ̀rùn tàbí èrè tí oníbàárà ń jẹ níbẹ̀ ju ìdíwọ́ náà lọ. Ó tún fẹ́ kí oníbàárà mọ iye tó máa san kó tó san án. Ẹjọ́ kọ́ la fẹ́ pè o. Ta ló fẹ́ pe ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́jọ́? Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ojúure nìkan kọ́ ni à ń bẹ̀ yín fún.

Ó wá ku tiwa. Bí ẹ bá ṣí géètì fún wa, kò yẹ kí a sọ họ́ọ̀lù yín di gáréèjì Ìwó Road. Nítorí náà, ẹ gbọ́ bí a ó ṣe ṣe é àti ohun tí a nílò lọ́wọ́ yín.

Yàrá kan tó ní àgádágodo, ì báà má tóbi, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan ṣoṣo, kó sì wà lọ́wọ́ ẹbí. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti di méjì, ọtí ti di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ omi, àti ibi tí dúrọ́ọ̀mù lè dúró níta lẹ́yìn họ́ọ̀lù, kí omi má baà wọ ibi tí àlejò ń tẹ̀. Mo máa ń rí àwọn tó ń kó ọtí lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú fírísà láàárọ̀ Sátidé, tí wọ́n sì ń retí kí ó tutù kí ó tó di ọ̀sán. Iná á lọ, iná á dé, ọtí á ṣì wà bẹ́ẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù ló ń gbani. A ó to ìgò sí ìsàlẹ̀, a ó da yìnyín tí a ti fọ́ wẹ́wẹ́ lé e, lẹ́yìn náà la ó wá bu omi sí i títí dé ọrùn ìgò. Omi yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Yìnyín láìsí omi ń kan ìgò lápá kan, kò kàn án lápá kejì. Ṣùgbọ́n omi tútù máa yí i ká tinú tẹ̀yìn. Bí a bá tún bu iyọ̀ sí i, òtútù rẹ̀ á ju ti yìnyín lásán lọ. Kí alága tó pe àwọn òbí méjèèjì wọlé tán, ìgò ti ń làágùn.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń tọ́jú ọtí má kó gbogbo rẹ̀ sínú omi lẹ́ẹ̀kan o. Àwọn tó ń ta ọtí tí a bá ti jẹ́ oníbàárà wọn, yálà ní Bódìjà tàbí níbòmíràn, máa ń gba èyí tí a kò ṣí padà, bí a bá ti bá wọn sọ ọ́ kí a tó kó o. Wọn kò kàn ní gba ìgò tí bébà ara rẹ̀ ti hó nínú omi, tàbí páálí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rin. Ìdajì ni èmi máa ń kó sí dúrọ́ọ̀mù, ìdajì tó kù á wà lórí pákó nílẹ̀ gbígbẹ. Bí ti inú omi bá lọ sílẹ̀ títí tó fi ku ìdá kan nínú mẹ́ta, n ó tún kó díẹ̀ sí i. Ìgbà tí mo bá sì ti rí i tí àwọn onílù ń fi aṣọ bo ìlù wọn, n kò ki nǹkan kan bọ omi mọ́, bí ẹlẹ́bẹ̀ tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Èyí tó wà lórí pákó ń padà sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ Mọ́ńdè, owó rẹ̀ ń padà sọ́wọ́ ẹbí. Ohun tí mo ní mo máa padà sí nìyẹn. Ẹ ò lè rí ìyẹn ṣe pẹ̀lú ọtí tí a rà nínú họ́ọ̀lù: a rà á, ó ti rà.

Ìgò onígíláàsì àti kéréètì rẹ̀, à ń fi owó ìdúró gbà á ni. Èyí tó bá sọnù, àwa la ó san án. Nítorí náà, ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń gbá họ́ọ̀lù yín pé òfìfo wa kì í ṣe ìdọ̀tí, wọn kò sì gbọdọ̀ ṣà á tà. Ẹ fún wa ní wákàtí kan lẹ́yìn tí àlejò bá túká, kí a fi kà á sínú kéréètì, tàbí kí ẹ gbà kí a wá kó o ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn ìsìn. Mo mọ họ́ọ̀lù kan tí wọ́n ti ń pa iná lé wa lórí kí a tó ka ìlàjì.

Pípín rẹ̀ kò le. Omi nìkan ni kó wà lórí tábìlì kí àlejò tó jókòó, ẹni tó bá fẹ́ nǹkan mìíràn yóò béèrè. Bí a bá kó mínírà àti mọ́ọ̀tì kalẹ̀ ṣáájú, kí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tó parí báàgì ti gbé e mì. Ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ ń gbé báàgì ńlá wá sóde, mo ń rí yín o. Ẹ mú ọ̀kan fún ọmọ nílé, ẹ má mú mẹ́rin. Ọmọ tó ń pín ọtí kọ̀ọ̀kan, tábìlì tirẹ̀ ni kó mọ̀, òfìfo ló sì máa fi gba òmíràn lọ́wọ́ mi. Kí ó má kàn máa fi àwo gbé e yí họ́ọ̀lù ká bí ẹni ń polówó. Ẹ̀yin náà lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọkùnrin ẹnu géètì yín rí iṣẹ́ ṣe, ẹ jẹ́ kí ó bá wa dá mo-gbọ́-mo-yà dúró, kí ó sì yéé dá omi dúró.

Ẹ̀yin kan tún ń ka sobo mọ́ ọtí tí ẹ ń gbowó lé. Ọ̀rọ̀ yẹn kò yé mi. Ìsápá pupa ni, wọ́n ń ta èyí tó gbẹ ní Bódìjà àti ní Sábó. A ó sè é ní alẹ́ Jímọ̀ pẹ̀lú atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, a ó sẹ́ ẹ, a ó gbé e sínú yìnyín mọ́jú. Kúlà ńlá kan ti tó láti dín mínírà kù dáadáa. Lójú tèmi, òun ló yẹ kó máa wà níwájú ní gbogbo ìgbéyàwó wa, ṣùgbọ́n àwọn kan ń wò ó bí ohun tálákà. Ẹ wò wọ́n bó bá di ìgbà tí wọ́n jó tán, wọ́n ti wà nídìí kúlà pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ẹmu ńkọ́? Àwọn bàbá wa ń béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ ìdána, kò sì sí nínú ohun tí ẹni tiyín ń tà. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an la sì gbọ́dọ̀ gbé e wọlé, torí bí ó bá pẹ́ nílẹ̀ ó ti kan. Ṣé agbè ẹmu náà máa gba tíkẹ́ẹ̀tì ni?

Wáìnì orí tábìlì ọlọ́lá, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ju pé wọ́n mu ún lọ, ẹ má jẹ́ kí n dé ibẹ̀. Kí àwọn ẹbí ṣáà rántí kó o kúrò níbẹ̀ kí olùdarí ètò tó sọ pé ó dìgbà.

Àwọn kan nínú yín kì í gba kọ́kéèjì, Ọlọ́run á bù kún wọn. N kò ní dárúkọ wọn kí ẹ má baà ní wọ́n rán mi níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá Sátidé wọn ń ṣófo. Ìpàdé ẹbí kan náà tí wọ́n ti ń pín ọtí ni wọ́n ti ń yan họ́ọ̀lù, àwọn ìyá tó ń gba omi àti mọ́ọ̀tì wà níbẹ̀, ẹnu wọn sì tólẹ̀. Bí Àǹtí Mọ́níyà bá ní òun kò lọ sí họ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbowó omi lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun, kò sí ẹni tó tún máa dárúkọ họ́ọ̀lù yẹn mọ́ nínú ilé wa.

Ní báyìí, a ń wá họ́ọ̀lù fún ọmọ kan nínú ẹbí. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ èyí tó ní ibi ìyàwòrán àti àtùpà tó ń yí àwọ̀ padà. Mo ní kí wọ́n lọ wò ó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó béèrè iye àga, kí wọ́n tó béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ẹni tó bá gbé fóònù yín ni pé: èló ni kọ́kéèjì yín, ṣé ẹ máa kọ ọ́ sínú rìsíìtì, àgogo mélòó lọ́jọ́ Jímọ̀ la sì lè gbé ọtí dé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá ẹni tó ń gbé fóònù sọ̀rọ̀, kí èsì ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá kan láti Òkè-Àdó, Ìbàdàn